Ilé Onífèrèsé Méjìlá

Mo wà lórí eékún nínú bọ́ọ̀sì àtijọ́ kan, mo ń fi sípánà tú àga kúrò nílẹ̀, nígbà tí ẹni tó ni ín yí ọkàn padà. Àga ẹni méjì-méjì mẹ́rìndínlógún ló ní kí n pààrọ̀ aṣọ wọn. Mo ti tú mẹ́rìnlá, mo ti tò wọ́n sábẹ́ àtíbàbà wa ní Pápá Àjàó, mo ń tú ìkẹẹ̀ẹ́dógún lọ́wọ́. Ó yọrí lójú ilẹ̀kùn.

"Àǹtí, ẹ dúró. Ẹ má wulẹ̀ rán nǹkan kan mọ́. Mẹkáníìkì ní ẹ́ńjìnnì ti kú, kò sí àtúnṣe. Mo máa tà á fún àwọn tó ń ra irin."

Mo ní kó jẹ́ kí n tú méjì tó kù, nítorí n kò fẹ́ràn iṣẹ́ tí wọ́n fi sílẹ̀ lágbede méjì. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn jáde, mo nàró, mo wo iwájú, mo wo ẹ̀yìn. Ilẹ̀ náà tẹ́jú gbalaja. Fèrèsé mẹ́fà wà lọ́tùn-ún, mẹ́fà wà lósì. Mo yọ téèpù mi. Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà mẹ́fà ààbọ̀, ìbú rẹ̀ lé díẹ̀ ní mítà méjì. Yàrá tí mo ń gbé nígbà náà, mítà mẹ́ta ni níhà gbogbo, onílé sì ti ta ilé náà mọ́ wa lórí. Ó fún wa ní oṣù mẹ́ta láti kó jáde. Oṣù kan ti lọ nínú rẹ̀.

"Èmi á rà á," ni mo wí.

Ọkùnrin náà wò mí tìyanu-tìyanu. "Àǹtí, kò lè rìn mọ́ o."

"Èmi náà ò lọ síbì kan."

N kì í ṣe ẹni tó máa ń dáhùn báyẹn. Ẹnu ya èmi fúnra mi.

Ó ti pé ọdún mọ́kàndínlógún tí mo kúrò ní Sakété, ní orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀. Mo ti parí kọ́léèjì níbẹ̀, mo ti kọ́ iṣẹ́ ìránṣọ, mo sì rò pé Èkó kò ní ṣòro, nítorí èdè tí à ń sọ nílé náà ni wọ́n ń sọ níbẹ̀. Ẹni tó bá lọ sí ìlú òyìnbó mọ̀ pé àlejò ni òun. Èmi kò mọ̀. Ní òwúrọ̀ àkọ́kọ́, mo kúnlẹ̀ kí obìnrin kan nídìí ẹ̀rọ omi. Nílé wa, ìkíni kì í kánjú: a ó béèrè ilé, a ó béèrè ọmọ, a ó béèrè ara ìyá, a ó sì dúró gbọ́ èsì ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kí n tó gbójú sókè, obìnrin náà ti lọ. Korobá rẹ̀ ni mo ń kí.

Wọ́n sọ mí ní Àǹtí Kútọnù. Mo ṣàlàyé pé Sakété ni mo ti wá, pé ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo dé Kútọnù láyé mi. "A ti gbọ́, Àǹtí Kútọnù," ni wọ́n ń dá mi lóhùn. Bí mo bá sì lọ kí ìyá mi nílé, àwọn ọmọ àdúgbò á máa pariwo, "Ará Èkó ti dé o!" Báyìí ni mo di ará ìlú méjì tí n kò ti wá.

Ní àwọn ọdún àkọ́kọ́ yẹn, mo máa ń wọ ọkọ̀ lọ sí gáréèjì Ìdó lọ́jọ́ Ìsinmi. N kò lọ pàdé ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Mo kàn fẹ́ràn láti wo àwọn tó ń dágbére fún ara wọn. Wọ́n á dì mọ́ra, wọ́n á gbàgbé nǹkan, wọ́n á sáré padà wá mú un. Èèyàn méjìlélógún ló ń gbé ilé wa nígbà náà, ẹnì kan kò sì béèrè ìyá mi rí.

Àlàájà lẹni àkọ́kọ́ tó béèrè rẹ̀. Ọmọ Mushin ni, bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ gbé ibẹ̀. Àwo àti ìkòkò ló ń tà, ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wa ni ilé rẹ̀ wà. Ó gbé àga ìjókòó wá kí n tún un rán, ó rí i pé mo wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀mẹta kí n tó gé aṣọ. Ó ní, "Ta ló bí ìwọ yìí? Ìyá rẹ ńkọ́?" Mo dá a lóhùn títí ó fi jókòó. Láti ìgbà náà ni a ti ń bá ara wa ṣeré.

Nítorí náà, òun ni mo lọ bá nípa bọ́ọ̀sì. Ilẹ̀ kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé rẹ̀ tó ti fi ìpìlẹ̀ lélẹ̀ sí nígbà tí ọkọ rẹ̀ wà láyé, tí kò sì tẹ̀ síwájú mọ́. Ó rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀.

"Gbé e wá," ó ní. "Odidi ọdún méjìlá ni mo ti ń wá ẹni tó máa bá mi gbé ilé lé ìpìlẹ̀ yẹn."

Ọkọ̀ akẹ́rù fà á wá lọ́jọ́ Sátidé. Ìgbà tí wọ́n gbé e kalẹ̀ ni mo tó rí pé ìkọ̀wé kékeré kan wà lókè àga awakọ̀, tí wọ́n fi Faransé kọ. Gbogbo àwọn tó dúró ń wò ó, kò sí ẹni tó lè kà á àfi èmi. Mo kà á sókè: "Ẹ má bá awakọ̀ sọ̀rọ̀." Bọ́ọ̀sì náà ti gba Kútọnù wọlé bí gbogbo tòkunbọ̀ ẹgbẹ́ rẹ̀. Láti orílẹ̀-èdè kan náà ni àwa méjèèjì ti wọ Èkó. Inú mi dùn ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà mo pe ìyá mi.

"Màmá, mo ti ní ibi tí mo máa gbé. Tèmi ni."

"Tìẹ? Kì í ṣe háyà?"

"Kì í ṣe háyà."

"Yàrá mélòó?"

"Gígùn rẹ̀ jẹ́ mítà mẹ́fà ààbọ̀."

"Mi ò bi ọ́ ní gígùn. Ìwọ àti téèpù rẹ! Fèrèsé mélòó ló ní?"

"Méjìlá."

Ó figbe ta. Mo gbọ́ tó ń sọ fún àwọn tó wà lọ́dọ̀ rẹ̀: "Fèrèsé méjìlá! Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì lọmọ mi kọ́ s'Ékòó!"

Mo ní àyè láti tún ọ̀rọ̀ náà ṣe. Ìpè náà kò já, owó orí fóònù kò tán. Ṣùgbọ́n ní Sakété, bí ọmọ ẹni bá pẹ́ ní Èkó tí kò kọ́lé, ohùn jẹ́jẹ́ ni àwọn èèyàn fi máa ń bi ìyá rẹ̀ léèrè rẹ̀, bí ìgbà tí wọ́n bá ń béèrè aláìsàn. Mo ti gbọ́ ohùn yẹn létí ara mi. Lọ́jọ́ náà, mo gbọ́ tí ìyá mi ń rẹ́rìn-ín láàárín wọn, mo sì dákẹ́.

Ó padà sórí fóònù. "Mò ń bọ̀ wá ṣí i. Jẹ́ ká kórè àgbàdo tán. Ta ló máa kọ́kọ́ ta omi sẹ́nu ọ̀nà rẹ̀ bí kì í bá ṣe èmi?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló fún mi.

Ohun tó kọ́kọ́ ń dà mí láàmú kì í ṣe irọ́ náà, ooru ni. Irin ni bọ́ọ̀sì, láti òrùlé dé ilẹ̀. Ìyá mi ti lé ní àádọ́rin ọdún, ooru sì ti mú un dákú lójú ọjà lẹ́ẹ̀kan. N kò ní ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru, ṣùgbọ́n mo ní òrí. Mo gé e bí àtàǹpàkò, mo gbé e sínú àwo láàárín bọ́ọ̀sì nígbà tí Àlàájà bẹ̀rẹ̀ àlùwàlá ìrun Àyìlá. Kó tó sálámà, òrí ti di omi.

Mo mú àwo náà lọ han Bọ̀dá Múfú, páńẹ́lì bítà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù wa. Ó wo òrí, ó wo bọ́ọ̀sì.

"Ẹ wá fóòmù tẹ́ sí òrùlé àti ara ògiri," ó ní. "Kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí n fi páànù di fèrèsé mẹ́fà ọ̀hún pa, níhà tí oòrùn ń gbà wọlé."

"Kò ṣeé ṣe."

"Kí ló dé?"

"Mo ti sọ fún màmá mi pé méjìlá ni."

Ó gbé òòlù rẹ̀ sílẹ̀. "Ẹ dákun, ẹ̀yin lẹ ra mọ́tò yìí ni, àbí Màmá?"

N kò dí ẹyọ kan pa. Dípò bẹ́ẹ̀ mo rán ìdérí fún wọn, fóòmù nínú, lẹ́dà lóde, tí mo lè fi bọ́tìnnì so mọ́ fèrèsé nígbà tí oòrùn bá mú, kí n sì tú u nígbà tí àlejò bá fẹ́ ka fèrèsé. Kò sí fèrèsé méjì tó dọ́gba, nítorí náà mo fi ṣọ́ọ̀kì kọ nọ́ńbà sẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, láti orí ení dé orí èjìlá.

Ó wá ku òrùlé àti ògiri. Àwọn tó ń ta fíríìjì fún mi ní fóòmù funfun líle tí wọ́n fi ń dì í. Mo gé e sí àárín àwọn egungun irin ọkọ̀ náà, mo tẹ́ bébà fàdákà lé e, mo tẹ́ fóòmù àga lé bébà, mo sì fi lẹ́dà aláwọ̀ wàrà parí rẹ̀. Gọ́ọ̀mù iṣẹ́ wa ni mo fi lẹ gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlá ló gbà mí. Kò sí ibi tó hunjọ. Mo máa ń dùbúlẹ̀ sílẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kí n kàn máa wò ó.

Àlàájà ní òun fẹ́ wá wò ó. Ó wá lẹ́yìn ìrun Àyìlá, oòrùn ń jó bí iná. Ó jókòó lórí àga kan ṣoṣo tí mo gbé padà sínú ọkọ̀, ó tú gèlè rẹ̀ díẹ̀.

"Ó mà tutù o," ó ní. "Wallahi, ó dà bí..."

Kò parí rẹ̀. Òrùlé náà kọ́kọ́ mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ó tú láti iwájú, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, láìpariwo, bí ìgbà tí èèyàn bá ń da aṣọ bo ọmọ tó ń sùn. Ó da Àlàájà bò láti orí dé ẹsẹ̀. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lábẹ́ lẹ́dà.

"Àǹtí Kútọnù. Ṣé o ti fẹ́ wé mi ni? Mi ò tíì kú o."

Bọ̀dá Múfú ló bá mi gbé e kúrò lórí rẹ̀. Ó fi ọwọ́ kan òrùlé, ó gbóòórùn ìka rẹ̀. "Gọ́ọ̀mù àga lẹ fi lẹ̀ ẹ́."

"Òun ni mo ti ń lò látìgbà tí mo ti ń ṣiṣẹ́ yìí. Kò tú rí."

"Àǹtí mi, àga lèèyàn máa ń jókòó lé. Ìdí èèyàn ló ń bá yín tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Ta ló fẹ́ bá yín jókòó lé òrùlé?"

Àlàájà ní kó má ṣe jẹ́ kí òun rẹ́rìn-ín, pé ọrùn ń dun òun. Ó sì rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Mo ti wọn gígùn, mo ti wọn ìbú, mo ti wọn bí fóòmù ṣe nípọn tó. N kò rántí wọn ìdí èèyàn. Ní gbogbo ọ̀sẹ̀ yẹn, bí mo bá ti ń kọjá ní àdúgbò, ẹnì kan á kí mi láti iwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀: "Àǹtí Kútọnù, sánmọ̀ ńkọ́? Ṣé ó ṣì wà lókè?"

Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù kí ìyá mi dé. Mo jókòó sáàárín fóòmù tó wó lulẹ̀, mo pè é. Ohun tó wà lẹ́nu mi ni pé, Màmá, ẹ má wá mọ́. Ṣùgbọ́n ó ti ń to ẹrù. Ó ní òun ti ra iyọ̀, òun ti wá oyin gidi, aṣọ tí òun máa wọ̀ ti wà lọ́dọ̀ alágbàfọ̀. Ẹnu mi kò gbà á. Ohun tó jáde ni:

"Màmá, nígbà tí ẹ ń ṣe bẹ́ẹ̀dì, báwo lẹ ṣe ń ṣe é tí òwú inú rẹ̀ kì í fi í wọ́ jọ?"

Nítorí iṣẹ́ rẹ̀ nìyẹn kó tó dàgbà. Ó ń kó òwú àràbà sínú aṣọ, ó ń ṣe bẹ́ẹ̀dì àti ìrọ̀rí tà fún gbogbo agbègbè Sakété.

"Ìwọ tí mo bí sórí bẹ́ẹ̀dì yẹn!" ó ní. "Mo máa ń so ó ni. Abẹ́rẹ́ gígùn á wọlé, á jáde lódìkejì, á tún padà sọ́dọ̀ rẹ. Kó o wá so kókó. Láàárín kókó kan sí èkejì, fi àtẹ́lẹwọ́ kan sí i. Ìwọ rò pé gọ́ọ̀mù ló ń ṣe é? Kí lo fẹ́ so?"

"Òkè ilé ni."

"Òkè ilé!" Ó mí kanlẹ̀ pẹ̀lú ọ̀wọ̀. "Àwọn olówó."

Bọ̀dá Múfú de àwọn igi tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ egungun irin ọkọ̀ náà, kí n lè rí ohun so okùn mọ́. Èmi fi abẹ́rẹ́ tí a fi ń rán àga ńlá so ó, kókó kan ní àtẹ́lẹwọ́ kan. N kò fi téèpù wọ̀n ọ́n. Ọwọ́ mi ni mo fi wọ̀n ọ́n, bó ṣe wí. Ọrùn mi le, apá mi wú, lẹ́dà náà kò sì tẹ́ pẹrẹsẹ mọ́. Ó ní kòtò kéékèèké káàkiri. Mo fi òrí sínú àwo nígbà ìrun Àyìlá. Ó ṣì le nígbà tí wọ́n ń pe ìrun Alásàárì. Mo fi í ra ẹsẹ̀ mi, mo jókòó.

Òjò rọ̀ ní ọjọ́ kejì rẹ̀. Mo rí i lójú fèrèsé kí n tó gbọ́ ọ. Nínú yàrá mi àtijọ́, abẹ́ páànù ni mo ń sùn fún ọdún gbogbo yẹn, òjò a sì máa bú mọ́ mi lórí. Báyìí ó ń rọ̀ jẹ́jẹ́ bí ẹni tó tọrọ àyè. Ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ rò ó pé ó ṣeé ṣe kí n má kó kúrò níbì kan mọ́.

Ìyá mi dé lọ́jọ́ Jímọ̀. Mo pàdé rẹ̀ ní gáréèjì, mo gbé àpò rẹ̀, mo mú un gba ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù. Bí a ti yọ sí ilẹ̀ Àlàájà, ó dúró. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì aládùúgbò wa wà lẹ́yìn bọ́ọ̀sì gan-an, wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ún. Ìyá mi gbé ọwọ́ méjèèjì sókè sí i.

"Olúwa o ṣeun. Ọmọ mi, o kú oríire. Ilé yìí á tù ọ́ lára, o ò ní..."

"Màmá. Kì í ṣe èyí." Mo nàka. "Ìyẹn ni."

Àlàájà tó dúró lẹ́nu ọ̀nà tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í wo ojú ọ̀run.

Ìyá mi rìn lọ sídìí bọ́ọ̀sì náà. Ó fi ọwọ́ kan táyà. Ó yí i ká, ó ń na ìka sí fèrèsé, ó ń kà á sókè, mẹ́fà níhìn-ín, mẹ́fà lọ́hùn-ún. Ó padà wá dúró níwájú mi.

"Méjìlá ni. O ò parọ́."

"Mi ò parọ́, Màmá."

"O ò sì sòótọ́."

"Mi ò sòótọ́, Màmá."

Ó bọ́ bàtà rẹ̀ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó gun àtẹ̀gùn méjèèjì, ó wọlé. Mo dúró níta bí ọmọ tó ń dúró de èsì ìdánwò. Mo rí i láti ojú fèrèsé kẹta, ó gbé ọwọ́ sókè, ó ń fi ìka wá kókó nínú kòtò lẹ́dà, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, títí dé ẹ̀yìn.

"Ta ló so èyí?" ó pariwo láti inú.

"Èmi ni, mà."

"Ọ̀kan ti dẹ̀ níhìn-ín. Mú abẹ́rẹ́ wá."

Ó tún un so fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló tó ní kí n gbé omi wá. Ó ta á sí ẹnu ọ̀nà, ó ta á sí àtẹ̀gùn, ó fi iyọ̀ àti oyin kàn mí lẹ́nu, ó gbàdúrà títí Àlàájà fi ń ṣe àmín láti òdìkejì. Nígbà tó parí, ó wo omi tó kù nínú ife, ó sì lọ ta á sí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, kí wọ́n má baà rò pé òun fojú di wọ́n. Ó rí ìkọ̀wé tó wà lókè àga awakọ̀, ó béèrè ohun tó wí.

"Ẹ má bá awakọ̀ sọ̀rọ̀."

"Ta ni awakọ̀?"

"Èmi ni, Màmá."

"Màá bá a sọ̀rọ̀ dáadáa."

Ó bá mi sọ̀rọ̀ lóòótọ́. Ó sọ ọ́ ní kùtùkùtù, ó sọ ọ́ lórí oúnjẹ. Ṣùgbọ́n ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, nígbà tí irin gbogbo Mushin ń jó, ó sùn lọ lábẹ́ kókó tí òun fúnra rẹ̀ so, ó ń hanrun jẹ́jẹ́, òógùn kò sí níwájú orí rẹ̀. Mo jókòó tì í, mo ń rán èèpo ìrọ̀rí. Fóònù rẹ̀ dún, ó jí. Àbúrò mi ọkùnrin ni, ó ń pè láti Sakété, ohùn rẹ̀ sì ròkè débi pé mo ń gbọ́ ọ.

"Màmá, ṣé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni lóòótọ́?"

Ìyá mi wò mí. "Àtẹ̀gùn ni mo gùn wọlé," ó ní.

"Fèrèsé méjìlá yẹn ńkọ́?"

"Mo fi ẹnu ara mi kà á. Méjìlá, kò dín kan. Òkè ilé rẹ̀, lẹ́dà ni wọ́n fi tẹ́ ẹ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Jẹ́ kí n sùn."

Ó pa fóònù, ó kọjú sí ògiri. Mo rí i pé èjìká rẹ̀ ń mì. Ẹ̀rín ni.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé mo sìn ín padà sí gáréèjì. Ó ti jókòó nínú ọkọ̀, mo gbé àpò rẹ̀ sí i lẹ́sẹ̀, a dágbére, mo ti kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ nígbà tó na ọwọ́ jáde lójú fèrèsé, ó pè mí padà.

"Ẹ́ńjìnnì yẹn, ṣé ó ti kú pátápátá?"

"Ó ti kú, Màmá."

"Òmíràn ò sí ní gbogbo Èkó?"

"Ó wà. Kí ni mo fẹ́ fi ṣe? Mi ò lọ síbì kan."

Awakọ̀ ti ṣíná ọkọ̀. Ìyá mi di ọwọ́ mi mú, kò tíì fi sílẹ̀.

"Wá òmíràn sí i. Gbogbo ilé tí ẹgbẹ́ rẹ kọ́, ojú kan ni wọ́n wà. Tìẹ nìkan ló lè wá kí mi."